Kámẹ́rà Bàbá Yín Ò Tíì Kú, Ṣọ́tà Ẹ̀ Ló Há: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Mọ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Da Òróró Sí I

Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo fi ba kámẹ́rà bàbá mi jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má baà rò pé ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ọgbọ́n ló kọ́ ti ẹ̀yìn. Èmi ni ará iwájú ọ̀hún.

Yashica Mat-124G ni kámẹ́rà náà, irú èyí tó ní lẹ́ǹsì méjì lórí ara wọn, téèyàn máa ń gbé kọ́ ọrùn, táá sì tẹrí wò látòkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lógójì ọdún á rántí ẹ̀ dáadáa. Bàbá mi fi ya ìkómọ, ó fi ya ìgbéyàwó, ó fi ya òkú àgbà. Nígbà tí bàbá dolóògbé, àpótí ni kámẹ́rà wọ̀, ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló sì lò níbẹ̀.

Ọjọ́ tí mo gbé e jáde, mo tẹ̀ ẹ́, ojú ẹ̀ là, kò sì pa dé mọ́. Mo ní, ‘Ha, ó ti gbẹ ni, òróró ló ń wá.’ Ni mo bá lọ mú ike òróró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi, mo kán an sí i bíi ẹ̀ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ náà, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ bíi tuntun. Inú mi dùn débi pé mo ra fíìmù, mo sì gbé e lọ síbi ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún àbúrò bàbá mi obìnrin. Màmá jókòó fún mi bó ṣe máa ń jókòó fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ láyé ọjọ́un, ó ká ọwọ́ lé itan, ó gbé gẹ̀lẹ̀ sókè. Mo ya méjìlá.

Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù, gbogbo méjèèjìlá ló dúdú kirimú lórí nẹ́gẹ́tíìfù. Ìmọ́lẹ̀ ti wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣọ́tà ń là, ṣùgbọ́n kò tètè pa dé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, màmá náà lọ. Àwọn ọmọ fi fóònù ya òun náà o, àwòrán wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn, èyí tó jókòó fún kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kò sí níbì kankan.

Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Èkó ni irú kámẹ́rà yìí ṣì wà nínú àpótí. Àwọn ọ̀dọ́ náà tún ti ń pa dà sídìí fíìmù, wọ́n ń gbé kámẹ́rà bàbá àgbà jáde. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn wọn ni ohun tó wá sọ́kàn tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kí ló ń jẹ́ ṣọ́tà?

Ṣọ́tà ni ìpéǹpéjú kámẹ́rà. Inú òkùnkùn ni fíìmù ń gbé. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ìpéǹpéjú yẹn á là, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á sì pa dé. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Àmọ́ bó ṣe pẹ́ tó kó tó pa dé ló ń sọ bóyá àwòrán á dára tàbí á bàjẹ́.

Nínú kámẹ́rà bíi Yashica Mat tàbí Rolleiflex, àárín lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ ni ṣọ́tà wà. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bí ewé ni, wọ́n fi apá kan gorí ara wọn. Tí wọ́n bá là, gbogbo wọn á ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá pa dé, wọ́n á tún pàdé láàárín. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa pè wọ́n ní ewé nínú àpilẹ̀kọ yìí. Àwọn kámẹ́rà kan wà tó jẹ́ pé aṣọ dúdú tó ń sáré kọjá níwájú fíìmù ni ṣọ́tà tiwọn, Zenit tó wá láti Soviet jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, ẹ má fi ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe é.

Ohun tó ń ta àwọn ewé náà ni sípíríìngì. Tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ tí wọ́n fi ń wá fíìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, sípíríìngì lẹ̀ ń ká. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ ti tú u sílẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ eré tó yá ni, bíi 1/250 tàbí 1/500, sípíríìngì á kàn ta ewé là, á sì ta wọ́n pa dé kíá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí ìdajì ẹ̀, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà tó máa di sípíríìngì náà mú kó má tètè parí iṣẹ́. Nǹkan ọ̀hún ni àwọn jíà kéékèèké bíi mélòó kan, àti irin kékeré kan tó ń mì síwá sẹ́yìn, tó ń gba eyín jíà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíi ti inú aago ògiri ni. Òun lẹ̀ ń gbọ́ tó ń dún ‘ṣììììì’ tẹ́ ẹ bá tẹ kámẹ́rà lórí 1.

Ọgbọ́n aago yìí ti pẹ́. Ọdún 1912 ni Compur, ṣọ́tà oníjíà tí iléeṣẹ́ Deckel ṣe ní Munich lórílẹ̀-èdè Jámánì, jáde sọ́jà. Ọdún 1929 ni Rolleiflex àkọ́kọ́ dé, Compur náà ló sì wà nínú ẹ̀. Àwọn ará Japan wá ṣe tiwọn: Yashica Mat jáde lọ́dún 1957, 124G tèmi yìí sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970. Copal ni wọ́n ń pe ṣọ́tà inú ẹ̀. Orúkọ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni: sípíríìngì, ewé, àti jíà tó ń ṣe bíréèkì.

Kí ló dé tó fi máa ń há?

Kì í ṣe gbígbẹ ló sábà máa ń ṣe é. Òdìkejì ẹ̀ ni. Gíríìsì àti òróró tí wọ́n fi sí i níléeṣẹ́ láti ogójì, àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ti dàgbà. Apá kan nínú ẹ̀ ti fẹ́, èyí tó kù ti ki bí àtè. Nígbà tí oòrùn bá mú, tí kámẹ́rà sì wà nínú mọ́tò tàbí lábẹ́ páànù, èyí tó rọ̀ á máa ṣàn díẹ̀díẹ̀, á sì dé orí ewé. Eruku ọyẹ́ á wá bà lé e. Òróró pẹ̀lú eruku, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ń dà.

Àwọn ewé yẹn fẹ́lẹ́ ju páálí sìgá lọ dáadáa, wọn ò sì wúwo rárá. Òróró tí ojú ò tiẹ̀ lè rí lórí wọn ti tó láti mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, bí abọ́ gíláàsì méjì tí omi wà láàárín wọn ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí òróró tí mo kán sí i fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan péré. Ó tú àtè inú jíà, ó sì gbé e lọ sórí ewé. Mo wo ẹsẹ̀, mo fọ́ ojú.

Ẹ wo ohun tó ń ṣe sí àwòrán. Ká ní ẹ gbé e sí 1/125, ṣùgbọ́n ewé ń rọ́ pa dé, ó wá di 1/30. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ti di ìlọ́po mẹ́rin. Fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun lè gba ìyẹn mọ́ra díẹ̀, ẹni tó ń tẹ àwòrán á wá ọgbọ́n dá sí i. Ṣùgbọ́n tí ẹni tí wọ́n ń yà bá mira, kò sọ́gbọ́n tó lè tún un ṣe. Tó bá wá di pé ó ń lo ìṣẹ́jú-àáyá odindi kó tó pa dé, bíi tèmi, ó parí.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má tíì tú nǹkan kan

Lẹ́yìn tí nǹkan bàjẹ́ tán ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti ń tún kámẹ́rà ṣe tipẹ́ n'Ìbàdàn. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó gbé e sétí, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún gbé e símú.

Ó ní, ‘Ta ló da òróró sí eléyìí?’

Mo ní, ‘Bàbá, ẹ má bínú, èmi ni.’

Ó ní, ‘Ọmọ mi, ṣé tí inú bá ń run èèyàn, oúnjẹ ló tún ń já lù? Etí la fi ń kọ́kọ́ tún kámẹ́rà ṣe. Jókòó.’

Ohun tó kọ́ mi nìyí, mo sì ti fi fóònù kún un.

Ẹ rí i pé kò sí fíìmù nínú ẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ kọjú lẹ́ǹsì sí fèrèsé tó mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ lè máa wo ṣọ́tà látẹ̀yìn. Tí irin kékeré tó ní M àti X bá wà lára ẹ̀, ẹ gbé e sí X. M máa ń mú kó lọ́ra nítorí gílóòbù fíláàṣì àtijọ́, a ò nílò ẹ̀. Ẹ má sì fọwọ́ kan irin tó máa ń jẹ́ kí kámẹ́rà dúró díẹ̀ kó tó ya ara ẹ̀, èyí tí wọ́n kọ V sí. Lára àwọn ògbólógbòó wọ̀nyí, ibẹ̀ ló máa ń há jù, tó bá sì há ní ìdajì ọ̀nà, gbogbo kámẹ́rà ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ yẹn.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti 500, ẹ máa bọ̀ ní 250, 125, títí dé 1. Ẹ tẹ ìkọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kẹ́ ẹ sì máa gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí B, níbi tó máa ń là sílẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa yọwọ́.

Tí àwọn eré tó yá bá dára, ṣùgbọ́n tí 1 àti ìdajì ń há tàbí tí ìró wọn ń dún tó tún ń dákẹ́, jíà ló dọ̀tí, ewé ò ní ẹ̀bi. Tó bá jẹ́ pé ní gbogbo eré pátá, B náà pẹ̀lú, ni ewé ń rọ́ bí ẹni tó ń tòògbé, òróró ló wà lórí ewé. Tó bá jẹ́ pé kò là rárá, tí ẹ ò sì gbọ́ ìró kankan, ó lè jẹ́ sípíríìngì tàbí irin kan ló já, ọ̀rọ̀ ìyẹn ti kọjá ilé nìyẹn.

Fóònù wá lè bá yín wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ fóònù ìgbà yìí ló ní ibi tí wọ́n kọ slow motion sí, tó ń ya àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí fóònù bá ń fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ hàn ní 30, ó ti fà á gùn ní ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ya ṣọ́tà ní fídíò lórí 1, ìlà àti ìpadé ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ lójú fóònù. Ìdajì gbọ́dọ̀ gba mẹ́rin, ìdá mẹ́rin gba méjì, ìdá mẹ́jọ gba ẹyọ kan. Aago ọwọ́ tó fún ìyẹn. Èyí tó bá yá ju 1/60 lọ, fóònù ò lè sọ òótọ́ nípa ẹ̀. Ẹ ṣì máa rí i lójú ara yín bí ewé kan bá ń gbẹ́yìn.

Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má retí pé kó pé rẹ́gí. Tí 1/500 ti kámẹ́rà tó ti dàgbà bá ń ṣe bíi 1/350, kò burú, fíìmù ò ní mọ̀ ọ́n.

Ohun tó yẹ, ohun tí kò yẹ

Kerosíìnì kọ́. Ó ń nu ìdọ̀tí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀. Pẹtiróòlù ọkọ̀ kọ́, àwọn nǹkan tí wọ́n pò mọ́ ọn kì í bá a fẹ́ tán. WD-40 kọ́ rárá àti rárá, ọ̀rá ló máa kù sórí ewé. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ ti gbọ́ tèmi. Sipirítì aláwọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà náà kọ́, àwọ̀ àti omi wà nínú ẹ̀, omi sì ni bàbá ìpáta.

Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ ń lò ni epo láítà, èyí tó wà fún láítà onírin tí wọ́n ń rọ epo sí. Ó ń tú ọ̀rá, ó sì ń fẹ́ dànù láìfi nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ó ń gbaná ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, afẹ́fẹ́ ẹ̀ gan-an ń gbaná. Ẹ ṣí fèrèsé. Kò gbọdọ̀ sí àbẹ́là, kọ́ìlì ẹ̀fọn, sìgá, gáàsì tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Ẹ má dà á sínú abọ́ ńlá, ìdérí ìgò kan ti tó.

Ẹ tún wá òwú tí wọ́n fi ń nu etí, aṣọ rírọ̀ tí wọ́n fi ń nu gíláàsì ojú, rọ́bà tó mọ níwọ̀n lẹ́ǹsì (rọ́bà tí wọ́n máa ń fi sẹ́sẹ̀ àga dára gan-an), àti síkúrúdíráfà kéékèèké. Kámẹ́rà Japan kì í fẹ́ síkúrúdíráfà alágbèélébùú lásán tí a ń lò fún rédíò. Ti Japan ní ìwọ̀n tiẹ̀, JIS ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá fi òmíràn ṣe é, orí síkúrù á jẹ, kò sì ní jáde mọ́.

Páálí ẹyin kan náà pọn dandan. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń tú nǹkan, ihò kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa tò ó sí, láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya àwòrán kẹ́ ẹ tó tú u àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ tú u. Bàbá Ìbàdàn ní láyé tiwọn, orí ìwé ni wọ́n ń yà á sí. Ó ní, ‘Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ní fóònù, ẹ ò ní sùúrù.’

Fífọ ewé

Èyí tẹ́ni tó ní sùúrù lè ṣe nílé nìyí: ìgbà tó bá jẹ́ pé ewé nìkan ló lẹ̀.

Èkíní, ẹ fi rọ́bà tẹ òrùka tó yí lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ ká, ẹ yí i sósì jẹ́jẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà onílẹ́ǹsì méjì, apá iwájú lẹ́ǹsì náà á tú jáde, ẹ ó sì rí ewé lójúkojú. Lẹ́ǹsì òkè ò ní ṣọ́tà, ẹ fi í sílẹ̀. Tí kò bá fẹ́ tú, ẹ má fi píláyà mú un. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Nínú Yashica Mat, gbogbo ojú iwájú ló ń jáde tó ń wọlé tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tí àwòrán á ti mọ́, nítorí náà tẹ́ ẹ bá dá lẹ́ǹsì pa dà tó sì wọlé dópin, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n àwọn kámẹ́rà tó ń ká bí ìwé, tó jẹ́ pé lẹ́ǹsì iwájú gan-an ni wọ́n ń yí kí àwòrán lè mọ́, tẹ́ ẹ bá tú u láìsàmì sí ibi tó wà, àwòrán ò ní mọ́ mọ́ láéláé àfi kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó yí nǹkan kan.

Èkejì, ẹ rẹ orí òwú sínú epo láítà, kẹ́ ẹ fún un dànù títí táá fi tutù lásán. Ẹ fi nu ojú ewé nígbà tó pa dé, láti àárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè tẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ dúró. Ibí ni ìkánjú ti máa ń pa èèyàn. Tí ewé bá tutù, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, ewé lè ká tàbí kó bọ́ sórí ara wọn. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lórí 1/125. Ẹ ó rí i pé ọ̀rá tuntun tún yọ sórí ewé látẹ̀gbẹ́, níbi tí ojú yín ò dé. Ẹ fi òwú mìíràn nù ún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra títí òwú á fi jáde ní funfun. Tèmi gba òwú mọ́kànlélógún. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí ọ̀rá bá wà níbẹ̀, ó pọn dandan kí lẹ́ǹsì ẹ̀yìn náà tú. Irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n fi ń tú ìyẹn. Tẹ́ ò bá ní in, ẹ má fi sítọ́ọ̀sì ya á.

Òróró ńkọ́?

Orí ewé: kò sí òróró níbẹ̀. Kò sí kékeré, kò sí ńlá. Gbígbẹ ni wọ́n dá a láti máa ṣiṣẹ́. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń dín ojú ihò lẹ́ǹsì kù náà, gbígbẹ ni.

Inú jíà nìkan ni òróró ní iṣẹ́, ìyẹn náà sì ní ibi tó ń lọ: orí ọ̀pá kékeré tí jíà kọ̀ọ̀kan fi ń yí, níbi tó ti wọnú ihò ẹ̀. Kì í ṣe orí eyín jíà. Òróró aago ni, èyí tí àwọn alátùn-ún-ṣe aago ń lò. Orí abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń mú un, èyí tó sì lẹ̀ mọ́ orí abẹ́rẹ́ náà ti tó fún ojú ibì kan. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń dán, tó ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù.

Wọn kì í fi òróró sórí ìdọ̀tí. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú àkópọ̀ jíà yẹn jáde lódindi, kí wọ́n rì í sínú epo láítà, kó gbẹ, kí wọ́n tó wá kán òróró aago sí i. Kí wọ́n tó lè dé ibẹ̀, ojú iwájú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣí, òrùka tí wọ́n fi ń yan eré gbọ́dọ̀ jáde, àwọn sípíríìngì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun sì wà láàárín wọn tó lè fò lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní tòótọ́, ibí lèmi ti máa ń dúró. Bàbá Ìbàdàn ló ṣe tèmi.

Ìgbà wo lẹ máa gbé e fún alátùn-ún-ṣe?

Tí jíà bá ha, tí sípíríìngì bá já, tí ewé bá ká, tàbí tẹ́ ẹ bá rí ìpáta. Ẹ bi ẹni náà ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ẹ máa tú jíà jáde ni àbí ẹ kàn máa da epo sí i? Kí lẹ máa fi fọ̀ ọ́? Òróró wo lẹ máa lò? Ẹni tó bá ní òun á kàn fọ́n nǹkan sí i ni, kẹ́ ẹ ṣì lè máa lò ó, ẹ gba kámẹ́rà yín pa dà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ jọ ṣàdéhùn owó kó tó tú u.

Tí iṣẹ́ bá parí, yálà ẹ̀yin lẹ ṣe é tàbí òun, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kí ohunkóhun tó gbóná. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kẹta. Epo láítà lè tú àtè sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, táá sì tún dì tó bá gbẹ. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn lọ́jọ́ kìíní àná.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan fíìmù. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan tí kò sí kùrukùru, pẹ̀lú fíìmù ISO 100, ẹ ya ògiri kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún: 1/500 pẹ̀lú f/8, 1/250 pẹ̀lú f/11, 1/125 pẹ̀lú f/16, 1/60 pẹ̀lú f/22, 1/30 pẹ̀lú f/32. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Tí ṣọ́tà bá dára, dúdú márààrún lórí nẹ́gẹ́tíìfù á jọra. Èyí tó bá dúdú ju àwọn yòókù lọ, eré yẹn ló ń lọ́ra. Ẹ ṣì ní méje tó kù nínú fíìmù yẹn láti fi ya èèyàn.

Kó má baà tún há

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé e jáde, kẹ́ ẹ tẹ gbogbo eré, láti 500 dé 1. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e pa mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn kí sípíríìngì lè sinmi, ẹ má fi í sílẹ̀ ní kíká. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo 500, ẹ yan án kẹ́ ẹ tó wá fíìmù, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án. Ẹ kó àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sínú àpótí ẹ̀. Ìrẹsì kọ́ o, eruku ló wà lára ìrẹsì.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí lórí àwọn onífọ́tò wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1978. Ó sọ bí wọ́n ṣe máa ń ya ìbejì tó ṣẹ́kù, tí wọ́n á tẹ àwòrán ọmọ kan ṣoṣo náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ìdílé lè rí àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ ro ìyẹn wò. Irú kámẹ́rà tẹ́ ẹ fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, irú iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe nìyẹn.

Kámẹ́rà bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. 1/500 ẹ̀ lọ́ra díẹ̀, àwọn tó kù pé. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fi yà ni Bàbá Ìbàdàn fúnra ẹ̀, níwájú tábìlì iṣẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú páálí ẹyin níwájú ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní òun ò múra. Mo ní, ‘Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó bẹ́ẹ̀.’ Mo ti kọ́gbọ́n, mi ò fẹ́ dúró de ọjọ́ mìíràn. Kò ní ọmọ iṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ lọ jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé kan, kẹ́ ẹ mú kámẹ́rà yín dání, kẹ́ ẹ sì fi òróró ìránṣọ sílé.